Àgbò Ìyá Hàmídàt

Wọ́n ní ìgbà ìwọ́wé ti dé. Ewé wo ló ń wọ́ ní Jẹ́dà? Ohun tí Hàmídàt mọ̀ ni pé atẹ́gùn òkun Obhur kò jóni lójú mọ́, àti pé ọlidé tí wọ́n lọ lò ní Ìlọrin ti parí kí òun tó gbádùn rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀, Dókítà Ṣùáíbù, ṣe ṣílẹ̀kùn ilé báyìí, òórùn burúkú kan kọlù wọ́n. Yéè! Aasiyah, ọmọ wọn, sá padà sínú mọ́tò.

"Eku ló kú," Ṣùáíbù yára sọ. "Ìyá Aasiyah, dúró síta. Èmi á tún ilé ṣe."

Ọkùnrin tí kì í ṣan abọ́ tó fi jẹun! Hàmídàt fi ìborùn dí imú, ó tọ òórùn náà dé ìdí fírísà, ó ṣí i. Idin ń yí lórí ẹran, omi dúdú ń kán sílẹ̀. Ọ̀rá búlúù tó fọwọ́ ara rẹ̀ so lọ́jọ́ iléyá ni.

Àgbò tó pa lórúkọ ìyá rẹ̀ tó kú lọ́dún yìí ni. Ó ní kí Ṣùáíbù kó gbogbo ẹran náà fún Tawheed, ọmọ Yorùbá kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ar-Rusaifah, ní Mẹ́kà, kí sàárà lè bá ìyá òun. Ṣùáíbù lọ, ó bọ̀, ó ní wọ́n yó, wọ́n gbàdúrà títí.

"Mo kó orí àti ẹsẹ̀ fún wọn," Ṣùáíbù ń kólòlò. "Ìyókù, mo ní ká máa rọra jẹ ẹ́ tá a bá dé."

Ọ̀kánjúà baba àrùn!

"Nígbà tí mo ń pa iná gbogbo ilé ká tó lọ, ẹ̀gbẹ́ mi lẹ wà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Kí irọ́ rẹ̀ má baà tú, Ṣùáíbù jẹ́ kí ẹran jẹrà.

"Fojú fò ó. Lọ́la, màá ra àgbò méjì fún wọn."

"Àgbò wà lọ́jà, Bàbá Aasiyah. Ọjọ́ iléyá dà?"

Ó fẹ́ fà á mọ́ra, Hàmídàt yẹra. Ọkùnrin náà ń rí i lára látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ṣùáíbù fọ fírísà títí ilẹ̀ fi ṣú. Òórùn lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí oúnjẹ délẹ̀, tí Ṣùáíbù tọwọ́ bọ abọ́ tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ, Hàmídàt yọ ọwọ́ tirẹ̀, ó nù ún, ó dìde.