Íǹṣì Méjì

Káfíńtà ni mí. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ní òun fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́, mo bi í bóyá ibi tí èèyàn ń gbé àga sí náà ti di ẹ̀kọ́.

"Bàbá, ká ní ẹ lọ kọ́ ọ ni, àga yín ò ní máa gún èèyàn nídìí."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ nípa àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti aṣọ fèrèsé. Ní ìdánwò àṣekágbá, oníkálukú ní láti wọn yàrá ẹnì kan, kí ó yà á sórí ìwé, kí ó sì ní kí wọ́n kan kọ́bọ́ọ̀dù tí yóò ṣe wẹ́kú láàárín ògiri méjì. Téèpù ìwọ̀n tirẹ̀ sọnù. Ó mú tèmi lórí tábìlì iṣẹ́.

Ẹnu téèpù yẹn ti gé tipẹ́. Orí íǹṣì kejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ni ín máa ń yọ méjì kúrò nínú ohun tí mo bá kà. Ojú mi ló ṣe mú un. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo rántí ọ̀rọ̀ àga, mo sọ nínú ọkàn mi pé kí iléèwé sọ fún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo ń wò.

Ojú onílé àti tísà ni wọ́n ti ń ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, tí kò wọlé; íǹṣì méjì ló fi tóbi jù. Tísà ní ẹni tí kò mọ ìwọ̀n kò lè tún ilé onílé ṣe. Ó ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé ẹnu téèpù yín ti gé?"

"Ṣé ìwọ ò lójú ni?"

"Ẹ ṣé, sà." Kò pè mí ní sà rí.

Àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì mú un lọ kí ọdún náà tó yí po.

Tísà wá kí wa. "Ọmọ yẹn ní ojú ọnà," ló wí. "Ìwọ̀n nìkan ni kò mọ̀."

Ìyá ọmọ mi sunkún wọ yàrá lọ. Mo ní, "Ó mọ̀ ọ́n. Téèpù mi ló bàjẹ́. Mo mọ̀, mi ò sọ."

Tísà ní, "Ká ní ẹ wá sọ fún mi lọ́jọ́ kejì, bàbá, ǹ bá ní kó tún un wọ̀n. Ì bá gba ìwé-ẹ̀rí ẹ̀."

"Ẹ ò lè kọ ọ́ báyìí pé ó yege?"

"Fún ta ni, bàbá?"

Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí mo yíjú padà, ìyá ọmọ mi dúró sẹ́nu yàrá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ fún mi di òní. Kì í bá mi sọ̀rọ̀.