Ta Ló Kọ Orí Kẹrin?

Ọ̀mọ̀wé Araba Nkumsah kì í di èèyàn sínú. Ó dárí ji ọkọ tó já a jù sílẹ̀ tó gba Takoradi lọ. Ó dárí ji aládùúgbò tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ aṣọ ìgboyè Araba títí ó fi ku bọ́tìnnì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè dárí jì láyé, kò sì ṣèlérí pé òun á dárí jì í lọ́run: Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwamena Quainoo, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ìtàn ìlú.

Iṣẹ́ náà ni kí wọ́n máa wádìí bí ìlú ṣe di ìlú: ta ló kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀, ọ̀nà wo ló ṣáájú, ta ló ni àdúgbò wo. Ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, Araba ń kọ ìwé oyè rẹ̀ lórí Anobokrom, ìlú apẹja tí wọ́n bí i sí létí òkun ilẹ̀ Fante. Ó gbé orí kẹrin fún ọ̀gá pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi bọ́ sínú ìwé tirẹ̀, àmì ìdánudúró kan ò já bọ́ lójú ọ̀nà. Ìwé yẹn ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Níbi tó ti ń dúpẹ́ níwájú ìwé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Araba nítorí tíì tó máa ń pò fún òun.

Araba fẹjọ́ sùn ní yunifásítì. Wọ́n ní ẹlẹ́rìí rẹ̀ dà. Ó padà sílé, ó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà bí adìyẹ ṣe ń jókòó ti ẹyin.

Nítorí ohun kan wà tí Quainoo kò mọ̀. Àṣìṣe wà nínú orí kẹrin yẹn.

Àwòrán ìlú kan báyìí ni Araba fi kọ ọ́, èyí tí sójà Òyìnbó kan yà láyé àtijọ́ láti orí òrùlé ilé olódi. Ojú òkun ni sójà náà kọ sí, nítorí náà òkun ló wà lókè ìwé, igbó ló wà nísàlẹ̀. Araba da àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ kọ, kò da òkun kọ. Nígbà tó délé, ó fi ọwọ́ ọ̀tún ìwé ṣe ìlà oòrùn bí wọ́n ti kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ló wà níbẹ̀ nínú àwòrán tó dorí kodò yẹn, àdúgbò méjì bá pààrọ̀ ibùjókòó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló rí i, ó sì tún un ṣe nínú ìwé oyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n olè ti gbé ìkòkò ọbẹ̀ lọ kí wọ́n tó fi iyọ̀ sí i.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ka ìwé Quainoo kò mọ Anobokrom. Àwọn ará Anobokrom kò ka ìwé Quainoo. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe náà sùn fọnfọn, tí ẹnikẹ́ni ò jí i.

Kì í sì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rín. Ní Anobokrom, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní asafo tirẹ̀, ẹgbẹ́ ajagun tó ní àsíá, tó ní ojúbọ. Ibi tí asafo Tuafo bá ń gbé àsíá gbà, asafo Dentsifo kò gbọdọ̀ gbé tirẹ̀ débẹ̀. Wọ́n ti fọ́ ara wọn lórí rí nítorí ẹ̀ka igi kan tó yọjú sí ìhà kejì. Quainoo wá kọ ọ́ sínú ìwé, ó tẹ̀ ẹ́ jáde, pé Dentsifo ló ni ilẹ̀ ojúbọ Tuafo.

Lọ́dún tí Quainoo máa fẹ̀yìn tì, ìgbìmọ̀ ìlú ní àwọn fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà etí òkun. Araba gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí òkèlè kẹ́ńkẹ́ fi há a lọ́fun. Ó fọ ọwọ́, ó gbé ìwé, ó di ọ̀dọ̀ Supi Ekow Bentil, olórí Tuafo, tó jókòó tó ń tún àwọ̀n ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ ka ìwé àlejò pàtàkì náà fún Bàbá ní èdè Fante ni, kí Bàbá lè mọ irú èèyàn tí ìlú ń yẹ́ sí.

Nígbà tó ka ojú ewé kejì orí kẹrin, abẹ́rẹ́ àwọ̀n dúró.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Ó tún un kà, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ta ló kọ èyí?"

"Orúkọ wà lẹ́yìn ìwé, Bàbá."

Kò purọ́. Òtítọ́ ní yàrá púpọ̀, ẹyọ kan ló ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìsọlórúkọ, Quainoo dé nínú aṣọ kẹ́ńtẹ̀ tó ń dán yinrin, gíwá yunifásítì àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ń tẹ̀ lé e. Dípò kí wọ́n mú un lọ sétí òkun, ojúbọ Tuafo ni wọ́n mú un lọ. Ó rò pé wọ́n fẹ́ gbà á lálejò ni, ó ń juwọ́ sí àwọn ọmọdé. Supi ro ẹjọ́ ilẹ̀ ojúbọ tí ìwé gbé fún Dentsifo. Agbẹnusọ tún un rò, nítorí ọ̀rọ̀ tí agbẹnusọ kò bá tún sọ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́. Ìtanràn jẹ́ àgbò méjì àti ìgò jíìnì mẹ́fà. Ẹni tó kọ ọ́ á sì bọ́ bàtà, á jó yí ojúbọ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àwọn ọmọdé máa hó lé e.

Araba jókòó lẹ́yìn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò jẹ ẹ̀pà tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Òógùn bo Quainoo. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ojú òun àti Araba bá ṣe mẹ́rin. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, kì í ṣe òmùgọ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣì mí mú," ló wí. "Èmi kọ́ ni mo kọ orí kẹrin. Ọmọbìnrin tó ń jẹ ẹ̀pà yẹn ló kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti mú un."

Ẹ̀pà dúró sẹ́nu Araba. Gbólóhùn tó ti ń retí fún ọdún mọ́kànlélógún nìyí. Kò tíì gbé e mì tí Supi fi yíjú sí i.

"Ọmọ Esi Mansa, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

Ìgbà yẹn ló rí kòtò tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Bó bá ní òun kọ́, Quainoo á jó, ṣùgbọ́n orí kẹrin di ti Quainoo títí ayé. Bó bá ní òun ni, òun ni alágbò, òun ni oníjó. Quainoo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Araba, ọmọ mi, má tijú. Sọ fún wọn."

Araba dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò ní ìró. Ó ní kí wọ́n dárí ji òun, agbẹnusọ kò tíì tún ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ sọ. Agbẹnusọ tún un sọ. Ó ní etí kan ń dun òun. Agbẹnusọ tún un sọ. Ó ní àwọn àlejò tó wà lábẹ́ àtíbàbà, gíwá àti àwọn ènìyàn rẹ̀, bóyá wọn ò gbọ́. Agbẹnusọ gba ọ̀rọ̀ yẹn sí àbùkù, ó kọjú sí wọn, ó fi ohùn tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ ojú omi ké e, tòun ti Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀jọ̀gbọ́n Quainoo ní òun kọ́ lòun kọ ọ́, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ òun lòun ti mú un.

Gíwá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo Quainoo bí ẹni ń wo ẹja tó ti dùbúlẹ̀ lọ́jà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀rín músẹ́ ọ̀hún kò rí ibi sá sí.

"Èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá," Araba wí. "Orí kẹrin, tèmi ni, tòun ti àṣìṣe inú rẹ̀."

Ó bọ́ bàtà. Ó jó yí ojúbọ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn ọmọdé ń hó. Ó tún jó ẹ̀kẹrin tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa nígbà tó dé iwájú Quainoo.

Supi fi ìka pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nígbà tó ò ń kà á fún mi, o mọ̀."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O fi èmi àgbàlagbà ṣe kùmọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àgbò mẹ́ta."

Ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mẹ́ta náà ló tọ́, Bàbá."