Etí Àbúrò Ìyàwó Ọ̀mọ̀wé

Ìwà ọlọ́pàá ni Ọ̀mọ̀wé fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ní yunifásítì. Ó mọ̀ ọ́n débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi orúkọ pè é mọ́. Ọ̀mọ̀wé Ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè é. Ìwé tí ó kọ nípa àgọ́ ọlọ́pàá ìlú náà wúwo tó ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kókó inú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: àwọn ọlọ́pàá àgọ́ náà kì í gbá ènìyàn létí. Ó ti jókòó tì wọ́n fún odidi ọdún kan, kò sì fi ojú kan ìgbátí kan ṣoṣo.

Òfin ìwádìí kò gbà pé kí a máa yọ́ ènìyàn wò. Nítorí náà, kí Ọ̀mọ̀wé tó lọ, yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgọ́ pé òun ń bọ̀. Yóò dárúkọ ọjọ́, yóò dárúkọ wákàtí, yóò sì bèèrè bí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ó máa ń rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí ó bá dé, yóò bá ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, yóò sì gbọ́ tí ọlọ́pàá kan ń bi olè léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti jẹun?" Olè náà a bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀mọ̀wé a sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Wọn kò fi kún un pé ó lè fi gba oyè ọ̀jọ̀gbọ́n.

Orí ìwé yìí gan-an ni oyè náà dúró lé. Ní ìparí oṣù ni àwọn àgbà yunifásítì yóò jókòó. Bí ìwé náà bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, Ọ̀mọ̀wé di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀gá ọlọ́pàá àgọ́ náà pàápàá ti fi ẹ̀dà kan sínú gíláàsì lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, níbi tí ẹni tí ó wá fẹjọ́ sùn yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Láàárín èyí ni àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe atúnrédíòṣe, lọ sí àgọ́ náà láti bèèrè rédíò oníbàárà kan tí ọlọ́pàá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbátí ni ó gbà bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni etí òsì rẹ̀ ti ń hó bí ìkòkò orí iná, kò sì lè mọ ìgbà tí rédíò ń pariwo yàtọ̀ sí ìgbà tí orí òun ń pariwo. Ó fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn ọlọ́pàá. Ìgbìmọ̀ dá a lóhùn pé ẹjọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: ìwádìí ìjìnlẹ̀ ti fi hàn pé àgọ́ náà kì í gbá ènìyàn létí, àfi bí ẹni tí ó kọ ìwé náà bá wá wí ohun mìíràn.

"Baálé mi," ni ìyàwó Ọ̀mọ̀wé wí bí ó ti ń ká aṣọ ní pálọ̀, "ṣé ẹ ti wo etí àbúrò mi?"

"Mo ti wò ó. Ṣùgbọ́n etí kan ṣoṣo kì í ṣe ìwádìí."

"Mélòó ló ń di ìwádìí? Ó ṣẹ́ ku ti ọ̀tún. Ẹ jẹ́ ká ní kó lọ gbé e fún wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ sókè," ni atúnrédíòṣe wí lórí àga. "Ẹ̀gbẹ́ òsì lẹ jókòó sí."

"Mo ní ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ sùúrù. Bí mo bá di ọ̀jọ̀gbọ́n tán, ohùn mi á túbọ̀ rinlẹ̀."

"Á rinlẹ̀ fún ẹni tó ti di adití," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́" yẹn ta Ọ̀mọ̀wé ju èébú lọ.

Nígbà tí ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dá pé, ó lọ jẹ́rìí. Alága ìgbìmọ̀ náà jẹ́ obìnrin adájọ́-fẹ̀yìntì kan tí kì í ná ẹ̀rín ní ìnákúnàá. Ọ̀gá ọlọ́pàá jókòó ní apá kan. Atúnrédíòṣe wà ní apá kejì.

"Ọ̀mọ̀wé, ṣé wọ́n máa ń gbá èèyàn létí níbẹ̀?"

"Ẹ ṣeun, ìbéèrè pàtàkì nìyẹn. Oríṣiríṣi ọ̀nà la lè gbà wò ó. Èkíní..."

"Ọ̀nà kan ni mo fẹ́."

"Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń wò wọ́n, mi ò rí i."

Ọ̀gá ọlọ́pàá fi ara rọ àga.

"Ìgbà tí ẹ ń wò wọ́n, ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?"

Ọ̀mọ̀wé gbé ife sẹ́nu, ó sì mu omi tí kò sí nínú rẹ̀. Ó fẹ́ wí pé ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ ìtúpalẹ̀. Ojú rẹ̀ bá lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí ó ti dorí kọ ẹ̀gbẹ́ bí adìẹ tí ń ṣọ́ àṣá, kí etí tí ó kù lè gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ wí. Ó gbé ife náà kalẹ̀.

"Wọ́n mọ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ fún wọn."

"Kí wá ni ìwé yín fi hàn?"

"Ó fi hàn pé ọlọ́pàá mọ àlejò í tọ́jú."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé e mì.

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé kò ṣeé gbára lé?"

Ohùn tí ó ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ di tín-ín-rín. "Ẹ kọ ọ́."

Alága kọ ọ́. Ó pàṣẹ pé kí a tún ẹjọ́ náà gbé dìde, kí atúnrédíòṣe dúró níta títí akọ̀wé yóò fi pè é wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá kọjá lára Ọ̀mọ̀wé bí ẹni tí ó kọjá lára òpó.

Ìròyìn ti ṣáájú wọn dé yunifásítì. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìgbìmọ̀, níbi tí àwọn olùfisùn to ara wọn sórí bẹ́ǹṣì gígùn, ni wọ́n ti pè é lórí fóònù láti yunifásítì. Ọ̀mọ̀wé gbọ́ ọ, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà," ó tún ní, "Ó yé mi sà," ó sì fi í sápò.

"Kí ni wọ́n wí?" ni atúnrédíòṣe bèèrè.

"Wọ́n ní kí n ṣì lọ fara balẹ̀. Wọ́n á pè mí."

"Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo àwa tá a wà níbí nìyẹn. Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sún wọlé díẹ̀ sí i, ìyá yẹn náà fẹ́ jókòó."

Ọ̀mọ̀wé sì sún.