Yà Níbi Oníbúrẹ́dì

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan tí Akọ̀wé fi ń wọn ọ̀nà há sínú kòtò, igi ìdìmú rẹ̀ sì gún un níkùn. Ó fà á yọ, ó ṣí ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀: Ọ̀nà kan. Kò dára.

Ohun àkọ́kọ́ tó kọ nípa ìlú náà nìyẹn, kò sì rí ìdí tí èkejì yóò fi sàn jù ú lọ. Odò wà nísàlẹ̀. Òkè kan wà lẹ́yìn ìlú tí kò ga tó ohun tí ènìyàn ń pè lókè. Àwọn ilé wà láàárín méjèèjì bí ẹrù tó já bọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, tí awakọ̀ kò padà wá kó.

Ìjọba tó rán an fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí àti iye ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ojú ìwé kan péré ni fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Ìlú tí kò bá tó ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, tí àwọn ará ìta kì í sì í wá gba ìtọ́jú níbẹ̀, wọn yóò ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa, nọ́ọ̀sì yóò sì gba ibòmíràn lọ. Gbogbo ìlú ló gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín sí Akọ̀wé láti àárọ̀, ẹ̀rín náà sì ń bí i nínú.

Bàbá Aránbàtà ni wọ́n ní kó mú un kiri. Arúgbó náà ń kí gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n bá kọjá, títí kan àwọn tí àgádágodo wọn ti dípẹtà.

Èyí tó burú jù ni bí wọ́n ṣe ń júwe ọ̀nà. Kò sí ibi tí ènìyàn ń lọ tí wọn kò ní ní kó yà níbi oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ti kú láti ọdún mọ́kànlá. Ilẹ̀ gbalasa ló kù níbẹ̀. Bó bá yà tán, wọn a ní kó kọjá lábẹ́ igi ńlá. Wọ́n ti gé igi náà, wọ́n ti fi ṣe àga. Abéèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀; àwọn àgbà kò tí ì dé ìlú yìí ni.

“Baba, ìlú tí ẹ̀ ń gbé kọ́ lẹ̀ ń júwe,” ni Akọ̀wé wí.

“Òun náà là ń gbé. Èyí tó kù níbẹ̀ ni ìwọ ń wò.”

Akọ̀wé kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ní ilé kan, ìyá àgbà kan ka ẹni mẹ́sàn-án fún un. Akọ̀wé yọjú wo inú yàrá: ibùsùn kan, ife kan, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan ṣoṣo nínú ife náà.

“Ìyá, àwọn mẹ́jọ yòókù ńkọ́?”

“Wọ́n jáde ni.”

“Láti ìgbà wo?”

Ìyá ronú díẹ̀. “Àbíkẹ́yìn wọn ló pẹ́ jù. Ó máa ń gbàgbé ilé, ọmọ yẹn.”

Akọ̀wé kọ ẹnì kan. Bó ṣe rí láti ilé dé ilé nìyẹn. Wọ́n ń ka àwọn tó lọ, wọ́n ń ka àwọn tó ń bọ̀, ó sì ń fa igi lé wọn lórí. Ní ilé ìwòsàn, àwọn àga ṣófo. Nọ́ọ̀sì gbórí lé tábìlì, ó ń sùn lọ́sàn-án gangan. Akọ̀wé kò jí i. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Nọ́ọ̀sì ń sùn.

Nígbà tí aago méjì lù, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ igba ènìyàn ó lé mọ́kànléláàádọ́rin. Ìlà kan péré ló kù lójú ìwé: Àwọn tí ń ti ìta wá gba ìtọ́jú.

“Akọ̀wé,” ni Bàbá Aránbàtà bẹ̀rẹ̀, “àwọn tó wà lódìkejì odò...”

“Baba, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tí kò sí níbí ti sú mi lónìí.” Ó kọ ọ́: Kò sí. Ta ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá síbí?

Baba wo ìwé náà, ó wo ojú ẹni tó kọ ọ́. “Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó,” ó ní, “kì í ṣe ohun mímì fún adìyẹ.” Ó padà sídìí bàtà rẹ̀.

Akọ̀wé jókòó sí etí títì, ó ń retí ọkọ̀ aago mẹ́rin. Ọkàn rẹ̀ ti dé ilé. Obìnrin kan gòkè bọ̀ láti apá ìsàlẹ̀, ó pọn ọmọ, aṣọ rẹ̀ tutù dé itan. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ó ní kó jọ̀ọ́, òun ń wá ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n òun ló máa ń gbé ọmọ náà wá.

Akọ̀wé kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ padà sẹ́yìn. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ kọjá lábẹ́ igi ńlá...”

Ó wo ìwé rẹ̀. Àwòrán tó yà nípa ìlú náà wà lórí itan rẹ̀. Kò sí oníbúrẹ́dì nínú rẹ̀, kò sí igi.

“Níbi ilẹ̀ gbalasa tí mo kọjá yẹn?” ni obìnrin náà béèrè.

“Níbẹ̀ náà ni.” Akọ̀wé gbójú sókè; ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin náà ń mí kíákíá. “Níbo lẹ ti wá?”

“Òdìkejì odò, sà.”

“Ẹ̀yin mélòó lẹ máa ń wá síbí?”

“Àwa wo? Gbogbo wa ni, abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.” Ó gbé ọmọ sọ dáadáa. “Nọ́ọ̀sì yín ò fojú ba oorun lánàá. Ọ̀dọ̀ wa ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń gbẹ̀bí ìbejì.”

Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ó yà níbi tó yẹ kó yà.

Ọkọ̀ dé, awakọ̀ fun fèrè. Akọ̀wé gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó béèrè bóyá afárá wà lórí odò náà.

“Afárá kẹ̀?” ni awakọ̀ wí. “Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń là á. Ṣé ẹ̀ ń lọ àbí ẹ ò lọ?”

Nígbà tí eruku ọkọ̀ rọlẹ̀, Akọ̀wé tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó so méjèèjì mọ́ igi kẹ̀kẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà odò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ó yà.