Àwọn Tó Ń Gbọ́ Mìsì Alma Lórí Wáyà

Ilé mẹ́jọ ló wà lórí wáyà fóònù kan ṣoṣo ní ọ̀nà oko wa ní Nebraska, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láyé ìgbà náà. Bí wọ́n bá pe ọ̀kan, gbogbo wọn ló máa dún. Ìró gígùn méjì, kúkúrú kan: ilé Mìsì Alma Thorsgaard nìyẹn. Kúkúrú mẹ́ta: ilé Thea, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún kan jù ú lọ, tó ń gbé ní máìlì méjì sí i. Òfin ni pé kí o má gbé fóònù tí kì í bá ṣe tìrẹ. Òfin kejì, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ni pé bí o bá gbé e, kí o gbé e bí ẹni gbé ẹyin, kí o pa ẹnu mọ́, kí o má sì jẹ́wọ́ láéláé. Wọ́n ní etí mẹ́ta kò yẹ orí. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò dé ọ̀nà oko wa.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi, Inez Kolar, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá Mìsì Alma tẹ ìwé lórí taipuráítà. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Àwọn òkú inú ìwé ló fi ń jẹun. Ìwé méjìlá ló ti kọ nípa opó kan tó ń sin oyin, tó sì ń mú apànìyàn. A. J. Thorsgaard ló wà lára èèpo ìwé, nítorí náà àwọn òǹkàwé ní New York rò pé ọkùnrin ni. Àwọn ará New York! Ọkùnrin wo ló máa fura sí ìyàwó ilé kan nítorí pé ó fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gé adìyẹ?

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ní aago méjì ọ̀sán, ó máa ń pe Thea, á sì ka ohun tó kọ lọ́sẹ̀ náà fún un. Èmi á jókòó tì í, pẹ́ńsù lọ́wọ́. Á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu fóònù.

"Gbọ́, Inez. Bí wọ́n ṣe ń gbé e ni ohùn Thea ń rẹlẹ̀. Mẹ́fà ti dé."

Òótọ́ ni. A máa ń gbọ́ aago ara ògiri àwọn Zelenka, a sì máa ń gbọ́ ẹyẹ inú àgò Ìyá Brandt tó ń kọrin. Bí ìwé náà bá fà jù, a ó gbọ́ "kátí", lẹ́yìn náà "kátí" mìíràn: wọ́n ti ń gbé fóònù sílẹ̀ nìyẹn. Mìsì Alma á ní, "Fa igi lé e." Èmi á fa igi lé odindi ojú ìwé tí mo fi òógùn tẹ̀. Ibi tí gbogbo wọn bá ti di èémí mú, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ní òpin ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀, Thea á sì sọ ohun kan náà tó máa ń sọ: "Ó dára. Máa kà á lọ."

Ní ọjọ́ Àìkú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ nǹkan kan rí. Otto Zelenka tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló máa ń pariwo jù. "Èmi? Ìtàn obìnrin? Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ń bára wọn sọ gbọ́n ju ìyẹn lọ!" Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí Mìsì Alma pa ajá kan nínú ìtàn, Otto ló fajú ro wá sí ẹnu ọ̀nà ilé Mìsì Alma, tó ń béèrè bóyá àlàáfíà ni ajá wa wà. A kò ní ajá. Lọ́sẹ̀ kejì, Mìsì Alma jí ajá inú ìwé náà dìde.

Nínú oṣù Kejì ọdún 1957, Thea kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ bó ṣe ń po ìyẹ̀fun. Orí kẹsàn-án ìwé kẹtàlá la wà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òkú oníbúrẹ́dì nínú àgbá ìyẹ̀fun ní òpin orí kẹjọ ni. Mìsì Alma gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ta ni mo fẹ́ kà á fún?" ó ní.

Oṣù márùn-ún kọjá. Mò ń dé láràárọ̀, mò ń nu eruku ara taipuráítà, mò ń lọ sílé. Lẹ́tà ń ti New York wá, ó ń fi wọ́n tẹ́ ìdí ìkòkò kọfí. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn, mo sì ń wò ó bó ṣe ń kú lórí ìjókòó. Mo mọ̀ pé bí kò bá parí ìwé náà, kò ní kọ òmíràn mọ́, kò sì ní pẹ́ tí òun náà á fi tẹ̀ lé Thea.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Keje, ní aago méjì géérégé, fóònù dún: gígùn méjì, kúkúrú kan. Mìsì Alma kò mira. Mo gbé e.

"Inez, Otto ni. Bi Mìsì Alma léèrè wò. Ta ló pa oníbúrẹ́dì?"

"Oníbúrẹ́dì wo, Bàbá Zelenka? Ṣebí ẹ̀yin kì í gbọ́ nǹkan?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ yìí! Oṣù márùn-ún ni mi ò ti sùn dáadáa!"

"Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló pa á." Ohùn Ìyá Brandt nìyẹn, àti ẹyẹ rẹ̀ lẹ́yìn. "Mo ti mọ̀ láti orí kejì."

"Ta ló bi yín? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín sọ ọ́!" Otto jágbe.

Mìsì Alma ti dé ẹ̀gbẹ́ mi. Ó gba fóònù, ó fi í jìnnà sí etí díẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́.

"Otto, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n Thea ni mò ń kà á fún. Ẹni tó ń gbọ́ ọ ti lọ."

Bozena, ìyàwó Otto, ló dáhùn. Ẹgbẹ́ Thea ni, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀.

"Mìsì Alma, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Thea ò gbọ́ fóònù mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Etí rẹ̀ méjèèjì ti di."

"Irọ́ ni. Ó ń dá mi lóhùn."

"Èmi ni mò ń jókòó tì í ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Èmi ni mo máa ń fi fóònù sétí, òun á dúró níwájú ẹnu rẹ̀ lára ògiri. Bí ẹ bá dákẹ́, màá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, á ní, 'Ó dára. Máa kà á lọ.' Tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ tán, màá jókòó kọjú sí i, màá tún gbogbo rẹ̀ sọ, á máa wo ẹnu mi."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi?"

"Ó ní tí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní kà á mọ́. Kò fẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Kò sì fẹ́ kó bọ́ mọ́ àwa náà lọ́wọ́."

Mìsì Alma fara ti ògiri. Apànìyàn méjìlá ló ti fi eruku bàtà àti bọ́tìnnì mú, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ló fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kò fura.

"Ó máa ń tẹjú mọ́ ẹnu mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo rò pé ìfẹ́ ni."

"Ìfẹ́ náà ni," Bozena dá a lóhùn.

Mìsì Alma bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu. Èmi náà sunkún, ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó nu imú, ó béèrè pé, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

Ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Ìwà wọn kò tíì kúrò lára wọn.

"Gbogbo wa ni," Otto ní.

"Inez, gbé orí kẹsàn-án wá."

Ó kà á. Ó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì dákẹ́, bó ṣe máa ń dákẹ́. A ń gbọ́ aago àwọn Zelenka: kí, kí, kí. Otto wúkọ́.

"Ó dára," ó ní. "Ẹ máa kà á lọ."

Ìwé náà jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Báyìí, oníkálukú ló ni fóònù tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, Mìsì Alma sì ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Thea lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé kẹtàlá náà, New York kọ lẹ́tà pé ó dà bíi pé àṣìṣe wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí a ti ń sọ ẹni tí a ya ìwé sí mímọ́ fún. Èmi ni mo fèsì pé kò sí àṣìṣe kankan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà: "Fún Thea tí kò gbọ́, àti fún àwọn tó ní àwọn kò gbọ́."