Àmì Tí Wọn Kò Gbàdúrà Fún

"Wọ́n rí àmì kan," ni dókítà wí, "àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń retí."

Ẹ̀rín ti gba ẹnu aránṣọ, ìyàwó aláìsàn náà, kí ó tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù. Ẹ̀rín ọ̀hún gan mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ kúrò nínú ìfun ńlá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n sì fi díẹ̀ nínú ẹran náà ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò, àmì kan ṣoṣo ló ń fi ààwẹ̀ tọrọ: irú èyí tí wọ́n rí nínú ti bàbá tó ń ṣe bàtà, tí wọ́n jọ ń gba ìtọ́jú. Àmì yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fún bàbá náà ní oògùn tuntun, bàbá sì ti lágbára débi pé ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jà.

"Irú wo wá nìyí, sà?"

"Irú tó ń mú jẹjẹrẹ yára tàn ni. Ó ti dé ẹ̀dọ̀ báyìí." Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Oògùn tí a ń fún wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. A lè máa bá a lọ, bóyá yóò dá a dúró díẹ̀. A sì lè dáwọ́ dúró, ká máa fún wọn ní oògùn ìrora, kí ara lè tù wọ́n. Ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́."

Ọkọ rẹ̀, onígbàjámọ̀ tó fi ẹ̀fẹ̀ ra ọkàn rẹ̀, mí kanlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà, ẹ ò rí ayé? Èmi tí mi ò lè sáré lé bọ́ọ̀lù, èyí tó ń sáré ló wá gbé inú mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dókítà jáde.

"Adúmáradán, ó ti tó mi o," ni ọkọ wí fún aránṣọ.

"Kí ló tó yín?"

"Oògùn yìí. Láti ìgbà tí mo ti ń gbà á, irin tútù ò ṣeé fọwọ́ kàn, àfi bí iná. Onígbàjámọ̀ tí ò lè di sísọ́ọ̀sì mú! Ìwọ náà, o gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ omi gbóná kí o tó fọwọ́ kàn mí. Ṣé ìyàwó ni mo fẹ́ ni àbí ìkòkò?"

"Ṣé mo ráhùn fún yín ni? Ẹ kúkú sọ pé ẹ fẹ́ fi mí sílẹ̀. Ìgbà wo la ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, tẹ́ ẹ fi fẹ́ sọ mí di opó?"

Ọkùnrin náà fa aṣọ ìbora dé àyà.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ lára pé kò ṣiṣẹ́," ó ní. "Nítorí tìẹ ni mo ṣe ń gbà á. Tí mo bá ti wo ojú rẹ báyìí, n kì í lè sọ pé rárá."

Aránṣọ pàápàá mọ̀. Òun ló ń fún ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ pọ̀, tó tún ń fún un pọ̀, tó ń kọrin ìyìn lé e lórí bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ ti sọ fún un ṣáájú dókítà pé ọkọ òun ń rù.

Nọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú àpò oògùn tuntun. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá yín."

Onígbàjámọ̀ wo ìyàwó rẹ̀ lójú. Lẹ́yìn náà, láìsọ nǹkan kan, ó rọra na apá tí abẹ́rẹ́ wà.

Ohun tó fọ́ ọkàn aránṣọ gan-an nìyẹn.

"Àǹtí, ẹ dúró ná." Aránṣọ di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú. "Ẹ má so ó. Ẹ bá mi yọ abẹ́rẹ́ yẹn kúrò lára wọn."

"Ṣé dókítà mọ̀ sí i?"

"Ó ní àwa méjèèjì ni ká jọ sọ ọ́. Ọkọ mi ní ó ti tó. Èmi náà ní ó tó."

Nọ́ọ̀sì yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ síta. Onígbàjámọ̀ kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ gba òwú, ó fi tẹ ojú ibẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá, nígbà tí ó sì dá, kò gbé ọwọ́ kúrò.