Mùlíkàt Gba Kọ́kọ́rọ́ ní Náxos

Ọkùnrin tó ń yá àlejò ní mọ́tò ní erékùṣù Náxos, nílẹ̀ Gíríìsì, béèrè ẹni tí yóò wa ọkọ̀. Kí Mùlíkàt tó bojú wo ọkọ rẹ̀, Nọ́fíù ti gba kọ́kọ́rọ́, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ìwọ ni wàá wà á," ó ní.

Mùlíkàt rò pé àwàdà ni. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti fẹ́ra, Nọ́fíù kò jókòó rí kí ìyàwó rẹ̀ máa fi ọkọ̀ gbé e kiri. Ní Fort Washington, ní Maryland tí wọ́n ń gbé, Nọ́fíù ní í wakọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun náà ní í wà á lọ ra oúnjẹ. Bílẹ̀ bá sì ti mọ́, á tún wà á lọ síbi iṣẹ́ ní DC, wákàtí kan àtààbọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

"Bàbá Qonitah, ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Rárá o. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí gíà rẹ̀ nìyí, ìwọ lo sì kọ́ irú rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá yín n'Ìbàdàn. Jẹ́ ká máa lọ."

Báyìí ni wọ́n ṣe gba ọ̀nà òkè. Ọkọ̀ náà kéré, funfun ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí wọ́n ṣe ń gùn ún lọ. Ẹ̀rù ba Mùlíkàt ní kọ́nà méjì àkọ́kọ́; nígbà tó fi di ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rántí. Igi ólífì wà lọ́tùn-ún lósì, ewé wọn ń dán bíi fàdákà nígbàkígbà tí atẹ́gùn bá yí wọn padà. Òórùn ewéko kan tó jọ ẹfinrin ń gba ojú fèrèsé wọlé. Nọ́fíù na ọwọ́ síta, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé e lọ sókè sódò. Kò sọ pé "rọra," kò pariwo "bíréèkì." Ó kàn ń wò ni.

"Wo aṣọ tí wọ́n sá sórí òkè yẹn," ó ní nígbà tó yá. "Ó mà funfun o!"

Mùlíkàt wò ó. Kì í ṣe aṣọ. Òkúta mábù ni, níbi tí wọ́n ti ń gé e lára òkè. Ó rẹ́rìn-ín, Nọ́fíù náà bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá ọ̀nà lọ. Ó ń ṣe Mùlíkàt bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń lá àlá kan, tí àwọn méjèèjì kàn ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀.

Wọ́n dé abúlé kan lókè, níbi tí mábù wà nílẹ̀ gbogbo òpópónà, tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti jẹ́ kó máa dán. Nọ́fíù di èjìká ìyàwó rẹ̀ mú lórí gbogbo àtẹ̀gùn. Inú Mùlíkàt dùn; ìfẹ́ ló pè é. Ìyá àgbà kan fi ọwọ́ pè wọ́n wá jókòó sábẹ́ igi àjàrà níwájú ilé rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fọwọ́ sáyà, ó ní, "Anna." Ó gbé èèpo ọsàn tí wọ́n fi ṣúgà sè wá nínú abọ́ kékeré, ó sì gbé gíláàsì omi fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Nọ́fíù na ọwọ́ sí abọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá gíláàsì tó wà lápá òsì rẹ̀. Ó fọ́. Bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀, ó tún gbá èkejì. Màmá Anna kò bínú. Ó di àgbọ̀n Nọ́fíù mú, ó gbé ìka kan sókè lápá òsì, ó rọra ń mú un bọ̀. Ìka náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé imú kí Nọ́fíù tó ṣẹ́jú. Ìyá àgbà náà mi orí, ó tọ́ka sí ojú ara rẹ̀, ó sì wo Mùlíkàt.

Ìgbà tí wọ́n wa ọkọ̀ kúrò lábúlé ni Mùlíkàt tó béèrè ọ̀rọ̀ ojú náà.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹta ni dókítà sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì ló ń kú, ti òsì ló burú jù. Èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́. Ó fún mi ní oògùn kí ìyókù má baà lọ."

"Ẹ sì ń wakọ̀ lọ sí DC! Ẹ ń gbé Muadh ọmọ mi lọ sí ilé ìwé!"

Nọ́fíù yí ojú sí fèrèsé.

"Láràárọ̀ ni mò ń kán oògùn sójú àwọn arúgbó ní Hillcrest Heights. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹ wá wà nílé mi, ẹ ń kán tiyín ní kọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ ká kọ́kọ́ wá síbí ná. Bí mo bá sọ ọ́, wàá sọ mí di aláìsàn. Mo fẹ́ fojú mi rí nǹkan tó dára pẹ̀lú rẹ, kó tó..."

Mùlíkàt dúró létí ọ̀nà tó kọjú sí òkun. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó jáde, ó rìn wọ inú igbó kúkúrú lọ, torí pé ẹkún ń bọ̀. Àwọn ewúrẹ́ tí agogo wà lọ́rùn wọn yí ọkọ̀ náà ká. Nọ́fíù jáde sáàárín wọn.

"Mùlí!" ó pè.

Mùlíkàt wà lápá òsì rẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Kò dáhùn. Ó rí i bí ọkọ rẹ̀ ṣe yí orí, tí ojú rẹ̀ kọjá lára òun bí ẹni tó ń wo òfìfo. Nọ́fíù tún pè é, ẹ̀rù sì ti wà nínú ohùn rẹ̀. Ìbínú Mùlíkàt yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mo wà níbí," ó ní. "Ẹ yíjú sósì. Ẹ tún yí i díẹ̀ sí i."

Nígbà tí Nọ́fíù rí i, ó ní, "Mo ṣẹ̀ ọ́. Forí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n bá a bá délé, ẹ kò ní wakọ̀ mọ́. A ó sì jọ lọ rí dókítà yẹn."

"Mo gbà."

Ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kùn fún odidi oṣù kan. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ báyìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ń ṣe ìyókù nílé. Dókítà ní oògùn náà ń ṣiṣẹ́, ojú náà kò tíì burú sí i.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, wọn kò tíì mọ ìyẹn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun kan tí kò sí ẹnikẹ́ni. Fóònù ló júwe ọ̀gangan ibi tí Mẹ́kà wà, wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura sórí iyanrìn, wọ́n kírun Alásàrì. Lẹ́yìn náà ni Nọ́fíù yọ ìgò oògùn kékeré kan nínú àpò. Mùlíkàt gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó kán an sí i lójú, ó ní kó dijú. Oorun gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó jí, ó ní òun fẹ́ wọ omi. Wọ́n ká ṣòkòtò àti ìró sókè, wọ́n wọ inú rẹ̀ dé orúnkún. Omi náà mọ́ gaara. Wọ́n dúró síbẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ ń tọ́ ìka ẹsẹ̀ wọn wò.